Ìdílé Tó Ń Jẹun Pọ̀

Nígbà tí Akínlabí kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú ìgbafẹ́ Òkè-Ìtura, eré tí èrò pọ̀ sí jù níbẹ̀ ni ti ìdílé kan tó ń jẹun pọ̀ lórí pèpéle. Wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń jà sí ẹran. Ẹnu ya àwọn òǹwòran.

Lójijì, Mofiyìn, ọmọ Akínlabí, gun pèpéle, ó jókòó tì wọ́n. Obìnrin tó ń ṣe ìyá bu oúnjẹ fún un.

"Ọmọ mi, kí lo kọ́ nílé ìwé lọ́sẹ̀ yìí?"

Mofiyìn bú sẹ́kún. "Mà, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Akínlabí pàtẹ́wọ́ títí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ìyá Mofiyìn, o ò rí i bí ọmọ wa ṣe mọ eré ṣe!"