Ìpè Tí Olùtà Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Kò Gbé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó kọjá. Ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sẹ́lòmíràn, pàápàá ẹ̀yin tí ìpè ará ilé máa ń sú.

1. Ọmọ ìyá méjì ni wọ́n, ọkọ̀ bọ̀gìnnì sì ni àwọn méjèèjì ń tà. Ti ẹ̀gbọ́n ní àwòrán ẹyẹ níwájú, ti àbúrò ní ẹja. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti gbé iye ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tà jáde, ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀ jù á fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́ ní pálọ̀ ìyá wọn. Ìyá á rẹ́rìn-ín, á ní, "Èmi ò bí ẹyẹ, n ò bí ẹja. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ jẹun jàre."

2. Ẹja borí ẹyẹ lọ́dún kan, ó tún borí lọ́dún kejì. Tó bá di ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, àbúrò á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà, ẹyin mélòó lẹyẹ yín yé lọ́dún yìí?" Àwàdà ni lẹ́nu àbúrò, àmọ́ ó ti di egbò lọ́kàn ẹ̀gbọ́n.

3. Ọdún kẹta dé, ọjọ́ tó kẹ́yìn rẹ̀ sì pé. Ẹ̀gbọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún oníbàárà kan, ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an kí wọ́n lè kà á mọ́ ti ọdún náà. Akọ̀wé rẹ̀ gbé fóònù wá.

"Ọ̀gá, àbúrò yín ni. Wọn ò yé pè."

"Fi í sílẹ̀! Yẹ̀yẹ́ ló fẹ́ fi mí ṣe. Tó bá pe ti ọ́fíìsì, má gbé e. Èmi ni màá pè é lónìí."

Ó gba fóònù, ó pa á.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àbúrò ò pè torí ẹyẹ. Ó ti lọ gbé ọkọ̀ fún oníbàárà ní ìlú mìíràn, ibẹ̀ ni ìyá wọn ti pè é pé àyà ń dun òun, èémí ò já gaara. Ibi iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ló sún mọ́ ilé ìyá jù. Ọkọ̀ kún ibẹ̀ bámúbámú, kọ́kọ́rọ́ gbogbo wọn wà lára ògiri.

4. Télọ̀ kan tó jẹ́ aládùúgbò màmá ló gbé e jókòó sẹ́bàá títì, tó ń nawọ́ sí ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ò dúró. Nígbà tí ọ̀kan máa fi dúró, màmá ò dáhùn mọ́.

5. Ẹ̀gbọ́n ta ọkọ̀ ti oníbàárà yẹn tán. Ó tan fóònù, ó pe àbúrò tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ẹyẹ ti gbé ẹja mì lọ́dún yìí o! Ọ̀rọ̀ dà lẹ́nu ẹ?"

Àbúrò ní, "Ẹ ti borí, ẹ̀gbọ́n mi. Màmá ti kú."

6. Lóòótọ́ ni ẹyẹ borí nígbà tí wọ́n gbé iye náà jáde. Ẹ̀gbọ́n mú ìwé iye náà lọ sí pálọ̀ ìyá, kò sí ẹni tó máa ní kó jókòó kó jẹun. Ó sunkún bí ọmọdé. Títí dòní, tó bá di ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, á gbé fóònù lé itan, á máa wò ó. Àbúrò ò pè é mọ́.

Ẹ gbọ́ o. Ẹ díje, ẹ tajà, ẹ borí. Ṣùgbọ́n tí ará ilé yín bá pè, ẹ gbé e, ì báà ṣe yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi yín ṣe. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.