Ọkọ Àníkẹ́ Lọ́jà Inísà

Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni Àníkẹ́ wọlé ọkọ nílé Adépọ̀jù ní Òkúkù. Kò tíì pẹ́ tó dé tó fi ní òun fẹ́ lọ ta ata gbígbẹ lọ́jà Inísà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní kò burú, ṣùgbọ́n ìyàwó tuntun kì í dá rìn, ọkọ rẹ̀ ni yóò bá a lọ. Ìyá náà ṣí àpótí, ó mú dàńṣíkí àrán jáde fún ọkọ, ó wá kọjú sí ìyàwó.

"Bí àbàwọ́n bá kan aṣọ yìí, tàbí tí wọ́n bá fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ níta, láti ọjà ni kí o ti máa lọ sílé bàbá rẹ ní Ìbà."

Àníkẹ́ gbé igbá ata rẹ̀ karí. Ìyàwó kì í bá ìyá ọkọ jiyàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í pe ọkọ lórúkọ.

Nígbà tí wọ́n dé Inísà, ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó tajà. Ó kàn jókòó tì í, ó ń jẹun ni. Ó jẹ àkàrà, ó jẹ mọ́ínmọ́ín, ó bá ẹlẹ́pà jà nítorí èènì. Bí Àníkẹ́ bá ní ó tó gẹ́ẹ́, á fajú ro, á kọ ẹ̀yìn sí i. Obìnrin kan tó wá ra ata wò ó títí, ó ní ẹni tó ní irú ọkọ báyìí, kí ló tún fẹ́ fi ọ̀tá ṣe.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọkọ dìde, ó di ikùn mú.

"Ìyàwó, mo fẹ́ ṣu."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ mú un mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká dé ẹ̀yìn ìlú."

"Ó ti ń bọ̀."

Láyé ìgbà yẹn, ṣíṣu sọ́jà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Wolé-wolé ń bẹ, àwọn tí ìjọba fi aṣọ kakí wọ̀ pé kí wọ́n máa yẹ ìdí ìkòkò àti ẹ̀yìn ilé wò. Ẹni tí wọ́n bá mú, kóòtù Ìkìrun ló di. Oyèwálé ni wolé-wolé ọjà Inísà. Èkó ni wọ́n bí i sí, gbogbo ìṣe ará oko ló ń rí i lára. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe ẹlẹ́yà pé obìnrin nìkan lagbára rẹ̀ ká, ó sì ti búra pé òun á mú ọkùnrin kan dandan.

Àníkẹ́ fa ọkọ rẹ̀ lọ sẹ́yìn ìsọ̀ Túnráyọ̀ tó ń ta ẹní. Túnráyọ̀ dábùú ọ̀nà.

"Ẹ̀yìn ẹní tèmi kọ́. Ìwọ tó o mọ̀ pé báyìí lọkọ rẹ ṣe máa ń ṣe, kí ló dé tó ò fi í sílé?"

"Wọ́n ní kó tẹ̀ lé mi ni, mà."

"Ìyá rẹ̀ ló kẹ́ ẹ bà jẹ́."

Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ ọ̀hún tán, ọkọ ti ká dàńṣíkí sókè, ó ti lóṣòó. Àníkẹ́ yára ta ìborùn bò ó. Àwọn ọlọ́jà ń pòṣé, wọ́n ń tutọ́. Àníkẹ́ já ewé, ó yẹ dàńṣíkí wò, kò lábàwọ́n. Ọkàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ ni ẹnì kan sọ wúyẹ́ pé wolé-wolé ń bọ̀.

Túnráyọ̀ kò fẹ́ kí wọ́n mú ẹnikẹ́ni nídìí ìsọ̀ òun. Ó ti ọkọ náà wọ àárín ẹní, ó ní bó bá fi yọrí, òun á gé etí rẹ̀.

Ibi tí Àníkẹ́ ti ń wa erùpẹ̀ bo ìgbẹ́ náà ni Oyèwálé bá a.

"Ta ló ṣe èyí?"

Àníkẹ́ gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. Kò mọ irọ́ pa. "Ọkọ mi ni."

Ojú Oyèwálé tàn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa.

"Ó mà kéré fún ọkùnrin. Ahun lọkọ rẹ, títí dórí èyí náà ló ń ṣọ́ ọ ná."

Àwọn ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó là á lóye. Ó bi Àníkẹ́ lórúkọ ọkọ, Àníkẹ́ ní òun kì í pè é. Ó bi í ní ilé wo, ó ní ilé Adépọ̀jù, ní Òkúkù.

"Lọ́jọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ ni kó wá kóòtù. Bí n ò bá rí i, ìwọ ni n ó tì mọ́lé."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ délé, ìyá ọkọ rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ sí gbangba ìta.

"Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọmọ mi, kò dé kóòtù rí. Ìwọ tó o dé lánàá lo wá fà á lé wolé-wolé lọ́wọ́." Ó ní bí wọ́n bá fìyà jẹ ẹ́, kí Àníkẹ́ gba kóòtù kọjá sí Ìbà, kó má ṣe padà wẹ̀yìn.

Lọ́jọ́ Ajé, kóòtù kún dẹ́nu. Oyèwálé ti fọ́nnu yí Ìkìrun ká pé òun mú baálé ilé kan tó ń ṣu sáàárín ọjà lọ́sàn-án gangan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti wá wòran. Ó kun bàtà rẹ̀ tí ó ń dán gbinrin. Nígbà tí wọ́n pe ará ilé Adépọ̀jù, Àníkẹ́ bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀.

Adájọ́ bi í pé níbo ni ọkùnrin aláìnítìjú náà wà.

"Ẹ má bínú, bàbá. Wọ́n ń sùn ni."

Kóòtù ru gùdù. Adájọ́ ní ẹni tí òun ń pè tó ń sùn, ẹ̀wọ̀n ni yóò jí sí. "Jí i. Kí n rí i níwájú mi nísinsìnyí."

Àníkẹ́ dìde, ó tú ọ̀já, ó sọ ọkọ rẹ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, àbígbẹ̀yìn ìyá ilé, àbúrò ẹni tó gbé e níyàwó, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ọkọ náà kò sì tíì lajú tán tó fi tọ̀ ṣọ̀ọ̀rọ̀ sórí bàtà Oyèwálé.