Òrùlé Tí Ó-Dọ̀la Kò Lọ Wò

Àìbìkítà ni àrùn tó ń ṣe ọkùnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí. Kì í jalè, kì í bú èèyàn, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú ni pé kí ó lọ wo ilé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ pààrọ̀ òrùlé, kí ó yẹ ògiri àti igi àjà wò, kí ó tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ìrìn ẹsẹ̀ àti àkàbà gígùn máa ń sú u. Bí ọ̀rẹ́ ọ̀gá bá mú fọ́ọ̀mù wá, á lu òǹtẹ̀ sí i láìdìde lórí àga. Bó bá sì jẹ́ ẹni tí kò lẹ́nìkan lẹ́yìn, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ó dọ̀la." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ó-Dọ̀la nìyẹn. Ó mọ orúkọ náà, ẹ̀rín ló sì ń pa á.

Ní nǹkan bí oṣù kan kí òjò tó dé, agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìntì mú fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wá. Òun àti ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ilé kan tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ó ti ra páànù tuntun, ó ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀. Ìwé àṣẹ nìkan ló kù, nítorí òfin ìlú ni pé káfíńtà tó bá fọwọ́ kan òrùlé láìsí ìwé yìí kò gbọdọ̀ ṣe káfíńtà mọ́.

Ó-Dọ̀la ní kí ó lọ ya fọ́tò òrùlé náà wá. Ó yà á wá. Ó-Dọ̀la ní fọ́tò náà ṣókùnkùn. Nígbà kẹta, agbẹ̀bí mú káfíńtà fúnra rẹ̀ dání, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Ọ̀gá, fọ́tò ò lè fi ohun tí ikán ń ṣe nínú igi hàn yín," ni káfíńtà wí. "Mo fìka tẹ igi àárín, ìka mi wọlé. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ìsàlẹ̀ títì yìí náà ni."

"Ṣé ìwọ lo gbà mí síṣẹ́ ni?"

"Rárá o. Tó bá jẹ́ èmi ni, ẹ ò bá ti máa wáṣẹ́ mìíràn báyìí."

Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Agbẹ̀bí gbá káfíńtà lápá pé kó dákẹ́.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹnu rẹ̀ ló mú, kò ní nǹkan kan nínú. Ẹ ṣáà ràn mí lọ́wọ́. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú báyìí, oorun ò kùn mí mọ́."

"Mo ti gbọ́, Mámà. Ó dọ̀la."

Ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín yẹn dùn ún dọ́kàn. Bí wọ́n ti jáde tán, ó fa fáìlì náà yọ, ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé: "Mo dé ilé yìí, mo sì wò ó. Igi rẹ̀ ṣì lágbára. Ó lè dúró di ìgbà tí òjò bá dáwọ́ dúró." Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kò sẹ́ni tó lè yọ fáìlì náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ títí òjò yóò fi lọ.

Obìnrin atẹ̀wé tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wò ó. "Ìgbà wo lẹ lọ síbẹ̀?"

"Ṣé o fẹ́ sìn mí lọ ni?"

Obìnrin náà padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Òjò kẹta ọdún náà rọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan. Ó-Dọ̀la dúró lójú fèrèsé ọ́fíìsì, ó ń rò ó bóyá òun ti gíláàsì mọ́tò òun. Lákòókò yẹn gan-an, agbẹ̀bí ń gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò nínú yàrá rẹ̀. Igi àárín ṣẹ́, ó sì wó lé e lórí. Ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nílé ìwòsàn kó tó kú. Méjì nínú àwọn nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, òun ló gbẹ̀bí wọn.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí pe Ó-Dọ̀la. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó gbà pé ìwé tí òun kọ yóò gba òun sílẹ̀.

"Mo lọ síbẹ̀, mà. Ẹ̀rí wà nínú fáìlì."

"Ó dáa," ni obìnrin alága wí. "Ibo lẹ gbà wọlé?"

"Ilẹ̀kùn iwájú ni, mà."

"Irú àwọ̀ wo ló ní?"

"Bíi... bíi búráùn, mà."

Ọmọ àbúrò agbẹ̀bí dìde. Kò pariwo. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ilé wa ò ní ilẹ̀kùn lójú títì. Inú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ la máa ń gbà kọjá sí àgbàlá, ẹ̀yìn la ti ń wọlé. Kò sẹ́ni tó wá rí tí ò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n lé Ó-Dọ̀la lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ilé ẹjọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì nítorí irọ́ tó kọ sínú ìwé ìjọba. Nígbà tó jáde, ibi àkọ́kọ́ tó lọ ni ilé náà. Ó gba ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kọjá, ó dúró nínú àgbàlá, ó gbójú sókè. Páànù tuntun ti bo ilé náà látìgbà tó ti wà lẹ́wọ̀n. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ ló fọwọ́ sí ìwé àṣẹ rẹ̀, ọjọ́ kan péré ló sì gbà á. Ọmọbìnrin náà ń sá aṣọ. Ó dá a mọ̀.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo... mo wá wo òrùlé ni."

"Wọ́n ti wò ó," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì gbé aṣọ tó kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn tábìlì ìjọba, ẹ kọ́gbọ́n. Fọ́ọ̀mù tí ẹ gbé tì sápá kan, èèyàn ló ń sùn sábẹ́ òrùlé tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ wo nǹkan, ẹ dìde kí ẹ lọ wò ó, ẹ má sì kọ ohun tí ojú yín kò rí. Kí ẹni tó ń wo irú irọ́ bẹ́ẹ̀ láti tábìlì kejì má ṣe padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò kan òun. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì yẹn tọ́ sí Ó-Dọ̀la, ṣùgbọ́n kò dá agbẹ̀bí padà fún ọmọ àbúrò rẹ̀. Ìrìn kékeré kan nísàlẹ̀ títì ni ì bá ti gbà á là.