Rọ́bà Tó Ń Gbé Omi Gun Àpáta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Morínọ́lá, ní abúlé Ìdí-Àpáta. Kò sí ẹni tó mọ ẹ̀fọ́ gbìn tó o. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni ìlara. Bí wọ́n bá yin ẹlòmíràn lójú rẹ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé inú iyì tirẹ̀ ni wọ́n ti bù ú.

Lórí àpáta abúlé náà, kòtò kan wà tí omi òjò máa ń dúró sí títí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa parí. Etí kòtò náà ga, omi kò lè fúnra rẹ̀ ṣàn jáde. Àwọn obìnrin ilé a máa gbé korobá lọ pọnmi níbẹ̀, wọ́n á sì rù ú lọ sí oko ẹ̀fọ́ wọn. Nígbà tí Àṣàbí, ìyàwó àbúrò ọkọ Morínọ́lá, wọlé, Morínọ́lá tó jẹ́ ìyálé ló pín ilẹ̀ fún un. Ó mú ilẹ̀ òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò omi, fún ara rẹ̀, ó sì fi Àṣàbí sí ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọrùn yóò ti ro ẹni tó bá ru omi kó tó débẹ̀.

Àṣàbí kò janpata. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, tí oyún inú rẹ̀ pé oṣù mẹ́fà, ó mú rọ́bà gígùn kan wá láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, tó máa ń fi rọ́bà fa kẹrosíìnì láti inú àgbá sínú kẹ́ẹ̀gì. Òun àti ọkọ rẹ̀ rọ omi kún inú rọ́bà náà, wọ́n fi ṣùkù àgbàdo dí ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ki ojú kan bọ inú kòtò, wọ́n gbé rọ́bà náà gba orí etí àpáta, wọ́n wọ́ ojú kejì dé oko ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ti yọ ṣùkù kúrò, omi gun etí àpáta, ó sì ń ṣàn sí ẹsẹ̀ ata láìdúró.

Gbogbo abúlé wá wò ó. Bàbá arúgbó kan ní, “Ọmọ yìí gbọ́n. Ó ti pẹ́ tá a ti ń fi orí ru omi yìí.”

Morínọ́lá bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìlara ti mú un. Lọ́jọ́ náà, ẹnì kankan kò wo oko rẹ̀. Ì bá bi Àṣàbí bó ṣe ṣe é, àmọ́ ó ń bi ara rẹ̀ pé báwo ni ìyálé yóò ṣe máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ìyàwó tó wọlé lánàá.

Lọ́jọ́ ọjà, tí gbogbo ilé ti jáde, ó mú abẹ́rẹ́, ó gún rọ́bà náà níbi tó ti ga jù, lórí etí àpáta. Omi kò jò níbẹ̀ rárá. Atẹ́gùn ló gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé, ó gé omi sí méjì: apá kan padà sínú kòtò, apá kejì ṣàn lọ sísàlẹ̀, ó sì tán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àṣàbí tún rọ omi kún un, ẹ̀ẹ̀mẹta ni omi dá dúró. Nítorí pé kò sí ibi tó ń kán, kò rí ihò náà. Ló bá tún gbé korobá rẹ̀.

Morínọ́lá wá ra rọ́bà tirẹ̀. Gbogbo ohun tó rí tí Àṣàbí ṣe ló ṣe, omi kò dá a lóhùn. Ó fi ẹnu fà á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó. Omi á kàn án lẹ́nu. Bó bá ti gbé rọ́bà sílẹ̀ báyìí, omi á padà sẹ́yìn. Síbẹ̀ ó kọ̀, kò ru omi mọ́, kí wọ́n má baà ní ọmọdé ta á yọ. Ọyẹ́ fẹ́, ẹ̀fọ́ rẹ̀ rọ, ata rẹ̀ gbẹ mọ́ igi.

Ó wà lórí àpáta lọ́jọ́ keje tó ti ra rọ́bà, ó ti rọ́bà bọ ẹnu, nígbà tí Àṣàbí ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú omi lórí. Ẹsẹ̀ Àṣàbí yọ̀, ó ṣubú. Morínọ́lá sọ rọ́bà nù, ó sáré lọ bá a. Ó bá a tó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìta ni Morínọ́lá jókòó sí. Ìlara ti pòórá nínú rẹ̀, ẹ̀rù nìkan ló kù. Nígbà tó ṣe, nọ́ọ̀sì jáde wá sọ pé ọmọ inú wà láàyè, ẹsẹ̀ ni ìyá fi rọ́, kò sì gbọdọ̀ ru ẹrù mọ́ títí yóò fi bímọ.

Morínọ́lá wọlé, ó kúnlẹ̀. “Àṣàbí, èmi ni mo gún rọ́bà rẹ. Abẹ́rẹ́ ni mo fi gún un.”

Àṣàbí kọjú sí ògiri. “Ìyálé mi, ọmọ yìí ì bá kú.”

“Mo mọ̀.”

“Mo ń rí yín tí ẹ ń fa rọ́bà. Ẹ̀ bá ti bi mí. Oko yín ga ju ojú omi lọ. Omi inú rọ́bà lè gun òkè lójú ọ̀nà, àmọ́ ibi tó máa bọ́ sí gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ojú omi tó ti wá. Èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ ló ń fa èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn.”

Morínọ́lá padà sórí àpáta lọ́jọ́ náà.

Ó fi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ di ihò náà, omi sì tún ṣàn dé oko Àṣàbí. Òun ló ń tọ́jú oko náà títí Àṣàbí fi bímọ. Oko tirẹ̀ kò mú nǹkan kan wálé lẹ́ẹ̀rùn náà. Ohun tí Àṣàbí bá já fún un ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀ nílé rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ohun pínpín bá wà nínú agbo ilé, ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè kó wá pín in, kì í ṣe Morínọ́lá.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ mi: bí ẹ bá rí ẹni tó mọ ohun tí ẹ kò mọ̀, ẹ má ṣe jowú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò yín. Ẹ bi í. Òjòwú á ba ti ẹni ẹlẹ́ni jẹ́, tirẹ̀ kò sì ní dára. Ṣùgbọ́n abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.