Ekòló Abẹ́ Èèpo Akàn

Ó ti máa ń rẹ Morónfólú kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì ni kí ó máa ṣí ẹ̀yìn akàn tí àwọn apẹja bá kó wá láti etí òkun Tẹmá ní Ghana, kí ó máa wá ekòló òkun kan tó nírun ṣákaṣàka lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó ń fara pamọ́ síbi tí akàn fi ń mí. Akàn á máa wá oúnjẹ kiri. Ekòló á jókòó, á máa mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Mo nírú ẹ̀ nílé," ló máa ń sọ fáwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín.

Sàká, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ló ń bá wí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ni Sàká wá kí i kú ọ̀fọ̀ nílé rẹ̀ ní àdúgbò Darkuman. Àlejò ọ̀fọ̀ kò lọ mọ́ o! Ó ń bá wọn ru páálí ní ọjà Okaishie, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn ọ̀sán gangan ló ń wálé wá sùn. Ọbẹ̀ kọ̀ǹtòmírè, ọbẹ̀ ewé kókò, tó yẹ kó di ọ̀la, á lá a tán. Nínú ooru Accra, ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn ló ń wọ̀. Ìgbà mìíràn á mú bísíkíìtì bọ̀ fún Lọ́pẹ́, ọmọ Morónfólú.

"Níbo lo ti rí i?"

"Wọ́n fún mi ni, Àǹtí Fólú."

Ó ti ń ṣagbe nìyẹn. Ojú ti Morónfólú.

Lọ́pẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, fòníkú-fọ̀ladìde sì ń bá ọmọ náà jà. Bí àìsàn bá dé, àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ilé-ìwòsàn kì í sì í fúnni lẹ́jẹ̀ lásán. Ẹbí ni yóò mú ẹni tó máa fa tirẹ̀ sílẹ̀ wá. Wọn kò gba ti Morónfólú, wọ́n ní àrùn ẹ̀dọ̀ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìgbàkígbà tó bá dé ọ̀hún, nọ́ọ̀sì á ní, "Èèyàn yín ti wá." Àwọn ará ìjọ ni, kí ló tún kù? Ó jẹ́rìí sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ Adéògún mi orí, ó gba ọpẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá ìgò mọ́ọ̀tì Lọ́pẹ́ lófìfo.

"Sàká! Mọ́ọ̀tì ọmọ aláìsàn?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Òòyì ló kọ́ mi."

"Òòyì iṣẹ́ wo? Iṣẹ́ oorun? O ti mu wá gbẹ! Ọkọ̀ Èkó ń lọ lónìí, bá wọn lọ."

Sàká wọ yàrá lọ. Ó di ẹrù rẹ̀.

"Ẹ bá mi tọ́jú Lọ́pẹ́," ló wí, ó sì jáde.

Ilé dákẹ́. Morónfólú sùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, oorun ọ̀hún sì dùn mọ́ ọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àìsàn tún kì Lọ́pẹ́ mọ́lẹ̀. Morónfólú gbé e dé ilé-ìwòsàn, ètè ọmọ ti funfun. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà.

"Ìyá Lọ́pẹ́, Sàká àbúrò yín ńkọ́? Ó ní ká má sọ fún yín, ṣùgbọ́n láti èṣí, yàtọ̀ sí i, ẹnì kankan ò wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fọ́mọ yìí rí."