Ẹni Tó Gbé Ibà Wọlé

Àwọn ọmọ méjì ni bàbá fi sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá wọn nílé yẹn: ọmọbìnrin àgbà tí gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá ni Àǹtí ti ń bínú sí ìyàwó àbúrò rẹ̀. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni ìyàwó. Lójú Àǹtí, ọ̀rọ̀ ti bùṣe: ibi tí àwọn ọmọ ti ń sín sí i lójú ló ti kó ibà wálé, ibà ọ̀hún ló sì pa bàbá.

"Ìwọ lo kọ́kọ́ dùbúlẹ̀," ló máa ń sọ, kódà nídìí oúnjẹ. "Kò pẹ́ tí bàbá náà dùbúlẹ̀, wọn ò sì dìde mọ́. Bíkú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani! Nígbà tí mo tọjà dé tí àárẹ̀ ọ̀nà gbé mi dè, tí ò ń gbómi tútù lé mi lórí, tí bàbá jókòó tì mí, mo mà rò pé o fẹ́ràn wa ni."

Ìyàwó á kàn máa palẹ̀ abọ́ mọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ni, kì í ṣe pé inú kì í bí i.

Oṣù bíi mẹ́ta lẹ́yìn ibà náà, irun ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bó bá ti ya á, ìdì kan á tẹ̀ lé kóòmù. Àǹtí rẹ́rìn-ín, ó sì so gèlè orí tirẹ̀ le sí i.

"Ẹ̀san ò gbóògùn."

Ara àbúrò kò gbà á. Ó mú ìyàwó rẹ̀ lọ rí dókítà. Kí wọ́n tó dé, Àǹtí ti di ẹrù ìyàwó jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lókè báàgì.

"Òun ni yóò jáde nílé yìí, tàbí kí n jáde fún un," ó ní.

"Àǹtí, ẹ farabalẹ̀," ni àbúrò wí. "Dókítà ní kì í ṣe ẹ̀san. Kòkòrò àrùn tó fa ibà yẹn náà ni. Bí ara bá gbóná gan-an, irun ò ní dàgbà mọ́. Tó bá tó bí oṣù méjì sí mẹ́ta, á wá máa já. Á tún hù padà."

Àǹtí pàtẹ́wọ́.

"Orí ara rẹ̀ ti jẹ́rìí! Ẹni tírun rẹ̀ bá kọ́kọ́ já nílé yìí ni ibà kọ́kọ́ mú. Irọ́ ni?"

Àbúrò wolẹ̀. "Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Ẹni tí ibà kọ́kọ́ mú ló pa bàbá mi. Jáde!"

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ ò gbójú sókè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé báàgì.

Ìyá wọn, tí òun àti Àǹtí jọ ń sùn lórí ibùsùn kan láti ìgbà tí bàbá ti kú, tí kò sì dá sí ọ̀rọ̀ náà rí, gba báàgì lọ́wọ́ ìyàwó, ó sì kọjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin: "Kí tìyàwó tó já ẹyọ kan, irun tìrẹ ni mo ti ń ṣà lórí ìrọ̀rí láràárọ̀."