Ìṣó Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Bàbá Alágbàtọ́ mú ọmọbìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn ọmọdé. Ọmọ òrukàn ló máa ń gbà tọ́, gbogbo àdúgbò ló sì ń kan sáárá sí i. Bàtà rẹ̀ ń dán ju ojú ọmọ náà lọ.

Nọ́ọ̀sì wo bàbá náà lẹ́ẹ̀kan, ó fa ìbòmú rẹ̀ sókè. Ó ní ikọ́ ń yọ òun lẹ́nu.

Nídìí òṣùwọ̀n, ó béèrè pé, "Kí ló ṣe é, sà?"

"Orí àtẹ̀gùn ló ti já bọ́."

Àṣà ibẹ̀ ni pé wọ́n á tún bi èèyàn ní ìbéèrè náà nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń wẹ egbò.

"Ẹ ní kí ló ṣe é, sà?"

"Kẹ̀kẹ́ ló gbé e ṣubú. Etí rẹ̀ ti di jù."

Kẹ̀kẹ́ ti gun àtẹ̀gùn nìyẹn. Nọ́ọ̀sì kò bá a jiyàn. Ó wo ẹ̀yìn etí ọmọ náà. Ẹni tó bá ṣubú, orúnkún àti ìgbọ̀nwọ́ ni ilẹ̀ máa ń kí. Ilẹ̀ kì í yà kí ẹ̀yìn etí. Lẹ́yìn etí ọmọ yìí, àpá irin ìgbànú hàn ketekete.

Ó gbé mínírà tútù fún bàbá náà. "Dókítà ń bọ̀, sà. Ẹ fi èyí panu."

"O ṣé, ọmọ mi. Ilé ire ni wọ́n ti tọ́ ọ."

"Ẹni tó tọ́ mi gbìyànjú gan-an, sà."

Ó wọ yàrá kejì, ó pe òṣìṣẹ́ tó ń dáàbò bo ọmọdé lórí fóònù. "Àpá ara ọmọ yìí ò bá àlàyé wọn mu. Ẹ mú ọlọ́pàá wá. Kí àwọn kan gba ilé Bàbá Alágbàtọ́ lọ, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rùsí. Orí ìṣó ni ìgbànú náà wà."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó ṣe, bàbá náà ní kó fún òun ní ìgò mìíràn. Nọ́ọ̀sì rọra ṣí i fún un, bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn àtìmọ́lé.

Kò tíì mu ún dé ìdajì tí àwọn ọlọ́pàá fi dé.

"Ta ló rán yín sí mi?"

"Ẹ dìde, bàbá. Àwọn tó lọ sílé yín ti rí ìgbànú yín lórí ìṣó, níbi tí ọmọ yín sọ."

Ọmọ tó jókòó sórí tábìlì kò tíì la ẹnu láti àárọ̀. Nọ́ọ̀sì ló mọ ìṣó náà, torí abẹ́ rẹ̀ ni bàbá yìí ti máa ń ní kó kúnlẹ̀ nígbà tí òun náà jẹ́ ọmọ òrukàn lọ́dọ̀ rẹ̀.